Ẹ jẹ́ kí Great Gable máa wà lọ́wọ́ ọ̀tún yín

Ìbéèrè: "Ẹ̀yin ọ̀gá wa, ẹ kú iṣẹ́. Nọ́ọ̀sì ni mí ní Manchester. Àwa mẹ́rin, èmi, àbúrò mi obìnrin àti ọ̀rẹ́ wa méjì, ti ń rìn ní páàkì láti ìgbà òtútù tó kọjá, a sì máa ń rin kìlómítà 10 láìjókòó. A ti gun Ìdànrè rí nígbà tí a wà nílé. Ní ìparí Oṣù Kẹsàn-án, a fẹ́ lọ ṣe ìrìn yípo kan ní Lake District, agbègbè olókè tó wà ní àríwá England: láti Wasdale Head gba Black Sail Pass, Windy Gap àti Sty Head, ká sì padà sí Wasdale Head. Kìlómítà 15 péré ni fóònù pè é. Ṣé a lè ṣe é lọ́jọ́ kan? Apá ibo ni ká kọ́kọ́ kọjú sí? Kí ni ká gbé dání, kí ló sì máa ń ba ìrìn náà jẹ́? Ìyá Ìbejì, Manchester."

Ìyá Ìbejì, ẹ kú ìbéèrè, ẹ sì kú ìmúra. Ẹsẹ̀ tó ń rin kìlómítà 10 láìjókòó lè ṣe é. Àmọ́ ẹ bá wa yọ "péré" yẹn kúrò nínú ọ̀rọ̀ yín. Ìrìn yípo kì í ṣe ẹgbẹ́ gígun òkè kan ṣoṣo. Ẹni tó ń gun òkè kan, bó bá rẹ̀ ẹ́, á yíjú padà, gbogbo ìgbésẹ̀ á sì máa mú un sún mọ́ mọ́tò rẹ̀. Ní tiyín, bí ẹ bá ti ré Black Sail Pass kọjá, òkè ti bọ́ sáàárín ẹ̀yin àti mọ́tò. Ibi yòówù kí ẹ yà sí, ẹ ó tún gun òkè kí ẹ tó délé. Ìdí nìyí tí ibì kan fi wà lójú ọ̀nà tí ẹ ti gbọ́dọ̀ jókòó wo aago, kí ẹ sì pinnu. A ó dé ibẹ̀.

Ohun tí àwọn ará ibẹ̀ ń pè ní pass, gap, hause tàbí head ni ibi tí òkè méjì ti tẹ̀ sílẹ̀ láàárín bíi gàárì ẹṣin, tí àwọn darandaran àti ẹlẹ́rù ń gbà láti àfonífojì kan bọ́ sí èkejì kí ọ̀nà mọ́tò tó dé. Ẹ jẹ́ ká máa pè é ní ọrùn òkè. Mẹ́ta ni tiyín: Black Sail Pass tó ga tó mítà 545 sí ojú òkun, Windy Gap tó tó mítà 750, àti Sty Head tó lé díẹ̀ ní 480. Wasdale Head fúnra rẹ̀ kò ju bí mítà 80 lọ. Ẹ ó gun bí 465, ẹ ó sọ̀ kalẹ̀ bí 250, ẹ ó tún gun bí 455, ẹ ó sọ̀, ẹ ó gun díẹ̀ sí i, kí ẹ tó sọ̀ délé. Àròpọ̀ gígùn sókè yẹn sún mọ́ mítà 1,000.

William Naismith, ọmọ Scotland kan, gbé ìṣirò kan kalẹ̀ ní 1892 tí àwọn arìnkè ṣì ń lò dòní: wákàtí kan fún kìlómítà 5, kí a fi wákàtí kan kún un fún gbogbo mítà 600 tí a bá gùn. Kìlómítà 15 jẹ́ wákàtí mẹ́ta, mítà 1,000 jẹ́ wákàtí kan àti ogójì ìṣẹ́jú. Ìṣirò náà kò ka oúnjẹ, fọ́tò, ìsinmi, tàbí òkúta tó ń yẹ̀ lábẹ́ ẹsẹ̀. Ẹ̀yin mẹ́rin tí ẹ kò dé ibẹ̀ rí, ẹ ka wákàtí méje sí mẹ́jọ. Ìdànrè tí ẹ gùn kì í ṣe kékeré, àtẹ̀gùn rẹ̀ lé ní 600, ṣùgbọ́n wọ́n ti ṣe ibi tí ẹsẹ̀ yóò tẹ̀ sílẹ̀ fún yín, ibi ìsinmi sì wà. Ní Windy Gap, ẹsẹ̀ yín ni yóò wá ibi tí yóò tẹ̀ fúnra rẹ̀, lórí òkúta tó lọ́rinrin.

Black Sail Pass ni kí ẹ kọ́kọ́ kọjú sí, kí ẹ máa yí bí ọwọ́ aago ti ń yí. Bí ẹ bá ṣe bẹ́ẹ̀, òkè méjì, Kirk Fell (mítà 802) àti Great Gable (mítà 899), á máa wà lọ́wọ́ ọ̀tún yín láàárọ̀, lọ́sàn-án àti nírọ̀lẹ́. Ẹ di èyí mú ju ohunkóhun tí a bá sọ lọ. Gbogbo ìyànà tó ń ṣi àwọn èèyàn lọ́nà lójú ìrìn yìí, yálà ó ń gùn lọ sórí ọ̀kan nínú òkè méjèèjì ni, tàbí ó ń kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn lọ sápá òsì. Ọ̀nà yín kì í gùn wọ́n, kì í sì í fi wọ́n sílẹ̀. Etí wọn ló ń bá lọ.

Àwọn kan fẹ́ràn òdìkejì. Wọ́n ní Aaron Slack, ihò olókùúta tó sọ̀ kalẹ̀ láti Windy Gap, rọrùn láti gùn ju láti sọ̀ lọ. Òótọ́ ni wọ́n sọ. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá gba òdìkejì, Black Sail Pass ni yóò gùn kẹ́yìn, mítà 250 sókè nígbà tí orúnkún ti ń gbọ̀n tí ilẹ̀ sì fẹ́ ṣú. Bó bá jẹ́ ọ̀nà tí a là sílẹ̀ yìí ni ẹ gbà, ọ̀nà láti Sty Head délé, tí ẹsẹ̀ púpọ̀ ti là, ni yóò kẹ́yìn. A fara mọ́ ìyẹn fún ẹni tó jẹ́ ìgbà àkọ́kọ́ rẹ̀.

Láti Manchester dé Wasdale Head, ẹ fún mọ́tò ní bí wákàtí mẹ́ta. Bọ́ọ̀sì kì í dé ibẹ̀ déédéé. Ọ̀nà etí adágún Wast Water tóóró, mọ́tò kan ló gbà níbi púpọ̀, ẹ ó sì máa dúró ní àyè ìyàgò fún ẹni tó ń bọ̀. Àwọn tó ń lọ gun Scafell Pike, òkè tó ga jù ní England, máa ń kún ibi ìgbọ́kọ̀sí lópin ọ̀sẹ̀. Bí ẹ bá lè sùn nítòsí lálẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú, ẹ sùn. Ẹni tó jí ní aago mẹ́rin tó sì wa mọ́tò fún wákàtí mẹ́ta ti ná díẹ̀ nínú agbára tó yẹ kó fi sọ̀kalẹ̀ ní Aaron Slack.

Ẹ gbéra ní aago mẹ́jọ. Ọ̀nà bẹ̀rẹ̀ lẹ́yìn Wasdale Head Inn, níbi tí afárá olókùúta àtijọ́ kan wà lórí Mosedale Beck. Ó rẹwà, ẹ yà á ní fọ́tò, ẹ má gbà á kọjá. Ẹ jẹ́ kí odò náà wà lọ́wọ́ òsì. Láìpẹ́, ipa ẹsẹ̀ kan á yà sọ́tùn-ún, á sì gun koríko lọ tààrà bí àkàbà. Orí Kirk Fell ló ń lọ. Bí ẹ bá rí i pé ẹ ń fọwọ́ kan ilẹ̀ láàárín ogún ìṣẹ́jú àkọ́kọ́, ẹ ti wà lórí rẹ̀, ẹ padà. Ọ̀nà tiyín á tẹ́jú fún bíi kìlómítà kan ààbọ̀ nínú àfonífojì Mosedale. Ibẹ̀ ni kí ara ti gbóná. Ẹ má sáré nítorí pé ilẹ̀ tẹ́jú.

Ní ìparí àfonífojì, ọ̀nà á rọ́ sọ́tùn-ún, á máa gùn, ẹ ó sì fi òkúta tẹ̀ kọjá Gatherstone Beck. Nígbà ẹ̀rùn, ọmọdé lè fò ó. Lẹ́yìn òjò alẹ́ kan, ohun mìíràn ló ń dà. Òkè ibẹ̀ kò ní erùpẹ̀ púpọ̀ tó lè fa omi mu, òjò tó bá rọ̀ lórí òkúta á ti dé inú odò láàárín wákàtí díẹ̀. Seathwaite, abúlé tó wà lẹ́yìn òkè kejì, ni ibi tí èèyàn ń gbé tí òjò ń rọ̀ sí jù ní England, ó lé ní mílímítà 3,000 lọ́dún. Bí omi bá ti bo òkúta tí ẹ fẹ́ tẹ̀, tó ga dé orúnkún, tó sì ń ru fùú, ìrìn tọjọ́ yẹn ti parí nìyẹn. Ẹ má so ọwọ́ pọ̀ wọ inú rẹ̀. Bí omi ṣe rí níbẹ̀ ló ń sọ bí gbogbo odò tó kù ṣe máa rí.

Ní orí Black Sail Pass, ẹ ó rí àwọn òpó irin ọgbà àtijọ́ tó tò lọ lórí òkè. Apá òsì ń lọ sí Pillar (mítà 892), apá ọ̀tún ń gun Kirk Fell. Ẹ̀yin, ẹ kọjá tààrà, kí ẹ máa sọ̀ lọ sínú àfonífojì Ennerdale. Aago á ti tó mẹ́wàá kù díẹ̀. Ọ̀nà á máa rọ́ kiri láàárín òkúta títí dé afárá ẹlẹ́sẹ̀ lórí River Liza, lẹ́yìn náà ni ẹ ó gun díẹ̀ dé Black Sail Hut.

Ilé kékeré yìí ni ibi tí a sọ pé ẹ ó ti pinnu. Àgọ́ olùṣọ́-àgùntàn ni tẹ́lẹ̀, ilé ìsùn àwọn arìnrìn-àjò ni báyìí, mọ́tò aládàáni kò sì gbọ́dọ̀ dé ibẹ̀. Ẹ lè rí ibi jókòó, ẹ lè rí tíì, ṣùgbọ́n ẹ má fi oúnjẹ tàbí ibùsùn ibẹ̀ ṣe gbẹ́kẹ̀lé láìjẹ́ pé ẹ ti sanwó sílẹ̀. Ẹ yọ aago. Bó bá ti kọjá aago méjìlá ọ̀sán kí ẹ tó gbéra níbẹ̀, tàbí tí ẹsẹ̀ ẹnì kan ti lé ròrò, tàbí tí ìkúùkù ti bo òkè débi pé ẹ kò rí Windy Gap, tí kò sì sẹ́ni tó mọ kọ́ńpáàsì lò láàárín yín, ọ̀nà tí ẹ gbà wá ni kí ẹ gbà padà. Mítà 250 gígùn ni, lójú ọ̀nà tí ẹ ti mọ̀, ẹ ó sì délé kí ilẹ̀ tó ṣú. Ẹni tó padà níbí ti rin òkè tó dára gan-an. Lẹ́yìn ibí yìí, ìpadàsẹ́yìn á máa gùn sí i ni.

Bí ara bá le, ẹ máa lọ. Ibí yìí ni ìyànà tó ń mú àwọn èèyàn jù wà. Ọ̀nà Coast to Coast, tó ti etíkun ìwọ̀ oòrùn England lọ dé ti ìlà oòrùn, gba iwájú ilé náà kọjá, ó sì yà sọ́wọ́ òsì gun ẹ̀gbẹ́ Loft Beck. Ọ̀nà yẹn hàn ketekete, èrò pọ̀ lórí rẹ̀, ẹsẹ̀ á sì fẹ́ tẹ̀ lé èrò. Honister, ọrùn òkè mìíràn tí kò sí lójú ọ̀nà yín, ló ń gbé èèyàn lọ. River Liza fúnra rẹ̀ ni kí ẹ máa tẹ̀ lé lọ sí orísun rẹ̀, kí Kirk Fell àti lẹ́yìn náà Great Gable wà lọ́wọ́ ọ̀tún. Ipa ẹsẹ̀ ibẹ̀ tín-ín-rín, ó máa ń sọnù nínú ẹrọ̀fọ̀. Ẹ má bínú sí i. Ẹ gbójú sókè wo òkúta dúdú gàgàrà tó wà ní àríwá Great Gable, tí wọ́n ń pè ní Gable Crag. Ibi tó tẹ̀ sílẹ̀ ní apá òsì rẹ̀ ni Windy Gap.

Nígbà tí ẹ bá sún mọ́ òkè, ọ̀nà àtijọ́ kan tí wọ́n ń pè ní Moses' Trod á dábùú tiyín. Ẹ fi sọ́kàn, nítorí ó wúlò. Bí atẹ́gùn bá ti le jù níbẹ̀, ẹ gba apá ọ̀tún rẹ̀ dé Beck Head, ọrùn òkè tó wà láàárín Kirk Fell àti Great Gable, ẹ ó sì ti ibẹ̀ sọ̀ sí Wasdale Head. Ìsọ̀kalẹ̀ náà ga fún orúnkún, ṣùgbọ́n ó gba yín lọ́wọ́ Windy Gap. Bí ojú ọjọ́ bá dára, ẹ dábùú Moses' Trod kọjá, kí ẹ máa gun òkúta wẹ́wẹ́ Stone Cove lọ sókè.

Orúkọ Windy Gap kì í ṣe àwàdà. Atẹ́gùn tó ń bọ̀ láti ibi gbalasa á bá òkè méjì pàdé, àlàfo kan ṣoṣo ló rí gbà kọjá, ó sì ń sáré níbẹ̀ bí omi ti ń tú nígbà tí èèyàn bá fi ìka dí ẹnu rọ́bà. Ẹ wọ kóòtù, ẹ de fìlà, ẹ jẹun ní ìsàlẹ̀ ọrùn òkè náà níbi tí òkúta ti dí atẹ́gùn. Ẹ má jókòó lórí rẹ̀.

Bí ìkúùkù bá bò ó mọ́ yín lórí níbẹ̀, ọ̀nà mẹ́rin ni yóò wà níwájú ẹni tó ti dàrú. Èyí tí ẹ gbà wá wà ní ìwọ̀ oòrùn àríwá. Great Gable wà ní ìwọ̀ oòrùn gúúsù, òkè Green Gable ní ìlà oòrùn àríwá, Aaron Slack sì sọ̀ lọ sí ìlà oòrùn gúúsù. Nílé, lórí tábìlì, ẹ fi etí kọ́ńpáàsì so Windy Gap pọ̀ mọ́ Styhead Tarn lórí máàpù, kí ọfà ìrìn kọjú sí adágún náà. Ẹ yí àwo rẹ̀ títí àwọn ìlà inú rẹ̀ fi bá àwọn ìlà àríwá máàpù dọ́gba. Ẹ ka nọ́ńbà tó bọ́ sí, kí ẹ kọ ọ́ sórí bébà. Lórí òkè, ẹ fi àwo sí nọ́ńbà yẹn, ẹ gbé e sí ọ̀gangan àyà, kí ẹ máa yí ara yín (ẹ má yí kọ́ńpáàsì nìkan) títí abẹ́rẹ́ pupa fi wọ ilé pupa, ìyẹn àwòrán ọfà tó wà nínú àwo náà. Ibi tí ọfà bá kọjú sí ni kí ẹ gbà. Ìyàtọ̀ tó wà láàárín àríwá máàpù àti ti kọ́ńpáàsì kéré gan-an ní England lásìkò yìí, ẹ má jẹ́ kó dààmú yín. Ẹ ṣọ́ra fún ohun kan tí ọ̀pọ̀ kò mọ̀: fóònù, pàápàá èyí tí àpò rẹ̀ ní mágínẹ́ẹ̀tì, lè yí abẹ́rẹ́ kọ́ńpáàsì padà kó máa tọ́ka sí gúúsù dípò àríwá. Àpò ọ̀tọ̀ ni kí wọ́n wà, kí ẹ sì yẹ̀ ẹ́ wò láàárọ̀ kí ẹ tó gbéra.

Aaron Slack jìn tó bí mítà 300 sísàlẹ̀, kò sì ju bí kìlómítà kan àti díẹ̀ lọ. Wọ́n ti to òkúta bí àtẹ̀gùn láwọn ibì kan, àwọn ibòmíì jẹ́ òkúta wẹ́wẹ́ tó ń yẹ̀. Ẹni tí ẹ̀rù bá bà á máa ń fẹ̀yìn tì, á fi gìgísẹ̀ walẹ̀. Gìgísẹ̀ yẹn ni yóò yọ̀, tí yóò fi ìdí jókòó lé òkúta. Ẹ tẹ orúnkún díẹ̀, ẹ jẹ́ kí imú wà lókè ìka ẹsẹ̀, ẹ fi gbogbo àtẹ́lẹsẹ̀ tẹ ilẹ̀, ẹ má gbé gbogbo ara lé ẹsẹ̀ kan kí ẹ tó mọ̀ pé òkúta abẹ́ rẹ̀ dúró. Ẹsẹ̀ kúkúrú, ẹsẹ̀ kúkúrú. Ọ̀pá ìrìn méjì wúlò níbí ju ibikíbi lọ, kí ẹ fà wọ́n gùn díẹ̀ sí i kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀. Ẹ má tò tẹ̀ léra tààrà. Ẹ̀gbẹ́ ara yín ni kí ẹ wà, tàbí kí ẹ sún mọ́ra pẹ́kípẹ́kí kí òkúta tí ẹni ẹ̀yìn bá ta má tíì rí àyè sáré. Bí òkúta bá yí, ẹ pariwo "Òkúta o!" kíá. Wákàtí kan ni kí ẹ fún ibẹ̀. Ẹni tó fẹ́ dín in kù ni ọrùn ẹsẹ̀ rẹ̀ ń yẹ̀.

Àwọn ọ̀rẹ́ yín lè ní kí ẹ kọ́kọ́ gun orí Great Gable láti Windy Gap, nítorí kò ju mítà 150 lọ. Ibi ọ̀wọ̀ ni: láti 1924 ni wọ́n ti fi àwo irin ìrántí síbẹ̀ fún àwọn agunkè tó kú nínú Ogun Àgbáyé Kìíní, àwọn èèyàn sì máa ń gun ibẹ̀ lọ́jọ́ ìrántí ní Oṣù Kọkànlá. Ṣùgbọ́n ẹ ó fi ọwọ́ di òkúta mú kí ẹ tó dé ibẹ̀, ó sì ń gba bíi wákàtí kan àti ààbọ̀ lọ́wọ́ ẹni tó wà nínú àárẹ̀. Ẹ fi í sílẹ̀ fún ìgbà míì.

Ní ìsàlẹ̀, ẹ ó bọ́ sí etí Styhead Tarn, adágún kékeré kan. Ọ̀tún ni kí ẹ yà. Ọ̀nà òsì mọ́, ó ń sọ̀, ẹsẹ̀ tó ti rẹ̀ á sì fẹ́ ẹ, ṣùgbọ́n Seathwaite ló ń lọ, láti ibẹ̀ dé mọ́tò yín á sì ju wákàtí kan lọ nínú takisí, bí ẹ bá tiẹ̀ rí takisí. Ẹ gun díẹ̀ dé Sty Head. Àmì rẹ̀ ni àpótí kan tí wọ́n tọ́jú àkéte ìgbé-aláìlera sí fún àwọn tó ń gba èèyàn là. Ọ̀nà pọ̀ níbẹ̀ bí ìkóríta ọjà: ọ̀kan ń lọ sí Sprinkling Tarn àti Esk Hause, ọ̀kan tí wọ́n ń pè ní Corridor Route ń lọ sí Scafell Pike, ọ̀kan tún ń gun Great Gable. Tiyín ń sọ̀ lọ sí ìwọ̀ oòrùn gúúsù, Great Gable lọ́wọ́ ọ̀tún.

Láti ibẹ̀ ọ̀nà méjì ló dé Wasdale. Ti òkè gba ara Great Gable kọjá tààrà, ó yá, ṣùgbọ́n òkúta ni látòkè délẹ̀. Ti ìsàlẹ̀, ọ̀nà ẹṣin àtijọ́, rọ́ kiri lórí koríko sínú àfonífojì, ó gùn díẹ̀, ó sì rọ orúnkún lọ́rùn. Ti ìsàlẹ̀ ni ká gbà yín nímọ̀ràn. Méjèèjì pàdé kí ẹ tó dé oko Burnthwaite, ọ̀nà tí ògiri òkúta yí ká á sì mú yín gba ẹ̀gbẹ́ ṣọ́ọ̀ṣì kékeré St Olaf dé ibi tí ẹ gbé mọ́tò sí. Bí ohun gbogbo bá lọ déédéé, aago mẹ́rin kọjá díẹ̀ ni. Oòrùn ń wọ̀ bí aago méje ní ìparí Oṣù Kẹsàn-án, ẹ ṣì ní wákàtí méjì àti ààbọ̀ nípamọ́. Bí ẹ bá sún ìrìn náà sí ìparí Oṣù Kẹwàá lẹ́yìn tí wọ́n ti yí aago padà, ilẹ̀ á ti ń ṣú ní aago márùn-ún, gbogbo ìpamọ́ yẹn á sì lọ.

Ojú ọjọ́ nìkan ló lè sọ bóyá kí ẹ lọ. Ẹ má wo ti Manchester, ẹ má sì wo àwòrán oòrùn tó wà lórí fóònù. Ẹ wo ti orí òkè, Mountain Weather Information Service tàbí ti òkè láti ọ̀dọ̀ Met Office, lálẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú. Atẹ́gùn ni kí ẹ kọ́kọ́ kà: bó bá lé ní máìlì 40 ní wákàtí kan ní orí òkè, Windy Gap kò sí fún yín lọ́jọ́ náà. Lẹ́yìn náà, ibi tí ìkúùkù ti bẹ̀rẹ̀. Bó bá rẹlẹ̀ ju mítà 700 lọ, inú rẹ̀ ni ẹ ó wà ní ọrùn òkè kejì. Lẹ́yìn èyí ni òjò. Ooru ń dín ní bíi ìwọ̀n 2 fún gbogbo mítà 300, nítorí náà ìwọ̀n 14 ní ibi ìgbọ́kọ̀sí lè jẹ́ 10 ní Windy Gap, atẹ́gùn á sì jẹ́ kó dà bíi 4 lára.

Ẹ má wọ jíìnsì. Ẹ má wọ ṣẹ́ẹ̀tì olówùú sára. Òwú ń mu omi, ó ń di òógùn mọ́ ara, nígbà tí atẹ́gùn bá sì dé, ó ń fa ooru ara jáde bí àkísà tútù. Aṣọ onírun àgùntàn tàbí pọ́líẹ́stà ni kó kan ara, suẹ́tà fẹ́lẹ́ lé e, kóòtù àti ṣòkòtò òjò wà nínú báàgì bí oòrùn tilẹ̀ ń ràn. Fìlà àti ìbọ̀wọ́. Búùtù tó di ọrùn ẹsẹ̀ mú, tí ẹ ti wọ̀ rìn fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Búùtù tuntun lọ́jọ́ ìrìn ló ń bó gìgísẹ̀. Ẹnì kọ̀ọ̀kan gbọ́dọ̀ ní tọ́ọ̀ṣì tí a ń dè mórí, tiwọn ni o, kì í ṣe ti fóònù. Ẹ gbé fèrè, máàpù oníbébà, kọ́ńpáàsì, báńdéèjì, àti àpò ọ̀rá ńlá tí ẹni tó farapa lè wọ̀ sí. Ẹ di ẹsẹ̀ ṣòkòtò mọ́ ìbọ̀sẹ̀ níbi tí koríko bá ga, nítorí eégbọn, kí ẹ sì yẹ ara wò lálẹ́.

Omi lítà kan ààbọ̀ sí méjì fún ẹnì kọ̀ọ̀kan. Ẹ̀pà, ìpékeré, kílíṣí, ṣíńṣín àti ọ̀gẹ̀dẹ̀ dára ju jọ̀lọ́ọ̀fù inú kúlà lọ, nítorí díẹ̀díẹ̀ ni kí ẹ máa jẹun, ní gbogbo wákàtí, lórí ìdúró. Tíì gbígbóná olóyin kan nínú fúláásíìkì á wúlò lábẹ́ Windy Gap. Bí ẹ bá rí ẹni tó ń kọsẹ̀, tí kò lè di bọ́tìnnì, tí ọ̀rọ̀ ń lọ́ lẹ́nu rẹ̀ tó sì ń bínú láìnídìí, òtútù ti wọ inú ara rẹ̀ lọ. Ìyá Ìbejì, ẹ mọ àmì yìí ju wa lọ. Ohun tí òkè fi kún un ni pé ẹ ò lè dúró tọ́jú rẹ̀ nínú atẹ́gùn. Ẹ kó o sábẹ́ òkúta, ẹ wọ̀ ọ́ láṣọ gbígbẹ, ẹ fún un ní ohun dídùn, kí ẹ sì máa sọ̀ kalẹ̀ bó bá lè rìn.

Bí ọ̀ràn bá ju agbára yín lọ, 999 ni kí ẹ pè, kí ẹ béèrè ọlọ́pàá, kí ẹ sì ní kí wọ́n bá yín pe Mountain Rescue. Ọ̀fẹ́ ni, àwọn olùyọ̀ǹda ara wọn ló ń ṣe é. Ìsọfúnni tí wọ́n máa kọ́kọ́ fẹ́ ni ibi tí ẹ wà, nítorí náà ẹ kọ́ bí a ṣe ń ka nọ́ńbà ojú ilẹ̀ (grid reference) lára máàpù. Nẹ́tíwọ́ọ̀kì kò dára lójú ọ̀nà yìí, àtẹ̀jíṣẹ́ sì lè kọjá níbi tí ohùn kò ti lè kọjá. Lónìí, kí ẹ tó gbàgbé, kí ẹ̀yin mẹ́rẹ̀ẹ̀rin kọ "register" ránṣẹ́ sí 999 lórí fóònù yín, ẹ dáhùn ohun tí wọ́n bá fi ránṣẹ́ padà, nígbà náà ni ẹ ó lè fi àtẹ̀jíṣẹ́ pè wọ́n. Níbi tí kò bá sí nẹ́tíwọ́ọ̀kì rárá, ẹ fun fèrè lẹ́ẹ̀mẹfà láàárín ìṣẹ́jú kan, ẹ dákẹ́ fún ìṣẹ́jú kan, kí ẹ tún bẹ̀rẹ̀. Tọ́ọ̀ṣì náà ń ṣe bẹ́ẹ̀ lálẹ́.

Ẹ fi orúkọ yín, ọ̀nà tí ẹ ó gbà àti nọ́ńbà mọ́tò sọ́wọ́ ẹnì kan nílé, kí ó mọ aago tí yóò pe ọlọ́pàá bí kò bá gbúròó yín. Ẹ má fi aago yẹn sí márùn-ún. Wasdale Head kì í sábà ní nẹ́tíwọ́ọ̀kì, ẹ lè ti jókòó sínú mọ́tò láyọ̀ kí ẹ má sì lè pè é títí ẹ ó fi wakọ̀ jáde dé abúlé Gosforth. Aago mẹ́jọ alẹ́ ni kí ẹ fún un, kí ẹ sì dúró ní Gosforth pè é kí ẹ tó wá ibi jẹun.